Ẹ̀yìn Ta Ni Kí N Tò Sí?

Láti àárọ̀ ọjọ́ ìdìbò yẹn lọkàn mi ò ti balẹ̀. Oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu. Wálé ọkọ mi, tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ọjà Àlàbá, ti sọ tirẹ̀ kó tó jáde: "Adébímpé, ẹ̀yìn láńlọ́ọ̀dù ni kó o tò sí o. Má fa wọ̀hálà sí wa lọ́rùn. Níbo la fẹ́ kó lọ báyìí?"

Ó rọrùn fún un láti sọ. Kì í ṣe òun ló ń gbé Tóbilọ́ba ọmọ wa sórí tábìlì tí òjò bá ń rọ̀. Àdúgbò wa ní Ìbà ò ní gọ́tà, yàrá àwa ayálégbé ló wá di gọ́tà. Lọ́dún tó kọjá, omi gbé bàtà ọmọ mi lọ, a ò rí i títí dòní. Ìyá Sìkírátù, ìyàwó láńlọ́ọ̀dù wa, ló máa ń ní ká kó ọmọ àti ẹrù wa wá sí pálọ̀ àwọn. Rọ́ọ̀gì wọn ti jẹrà nítorí wa.

Alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò la fẹ́ yàn. Gbogbo ẹni tó bá ń san owó ẹgbẹ́ ló lè dìbò, onílé àti ayálégbé. Tíṣà Beatrice, tó ti fẹ̀yìn tì, ní tí àwọn bá wọlé, gọ́tà làwọn máa gbẹ́. Àmọ́ iwájú ilé Alhaji Jímọ̀, láńlọ́ọ̀dù wa, ni gọ́tà náà máa gbà, ṣọ́ọ̀bù tí Alhaji kọ́ síbẹ̀ ò sì ní lè dúró. Ni Alhaji náà bá jáde dupò. Wọ́n ní géètì làwọn máa ṣe sẹ́nu ọ̀nà àdúgbò. Géètì! Ṣé géètì ló máa dá omi dúró?

Wọ́n pe gbogbo àwa ayálégbé wọn jọ. "Mi ò fipá mú ẹnikẹ́ni o," ni wọ́n wí. "Ìjọba àwa-ara-wa la wà yìí. Àmọ́ ẹni tí ò bá dúró sẹ́yìn mi, kó má dúró nílé mi."

Ọgbà iléèwé kan la ti dìbò. Ọkùnrin tí kánsù rán wá ní kò sí pépà, bíi ti tẹ́lẹ̀ ńṣe la máa tò sẹ́yìn ẹni tá a bá fẹ́. Nítorí ìjà tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó kọjá, àwọn olùdíje máa kọjú sí ògiri títí wọ́n á fi kà wá tán, wọn ò sì gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Àwa náà ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n má baà dá ohùn wa mọ̀.

Ọ̀dọ̀ Alhaji ni mo kọ́kọ́ forí lé. Mo rí bí wọ́n ṣe na ọrùn, tí wọ́n ń tẹ́tí sí gbogbo ẹsẹ̀ tó ń kọjá. Mo wá rántí bàtà ọmọ mi. Mo bọ́ sílípáàsì mi, mo yọ́ lọ sẹ́yìn Tíṣà. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n wo ẹnikẹ́ni lójú, ilẹ̀ ni mò ń wò. Gbogbo ẹsẹ̀ tó wà níwájú mi, kò sí èyí tó wọ bàtà.

Wọ́n ti ń kà wá lọ nígbà tí ikọ́ gbé Alhaji. Wọ́n wú u, wọ́n tún wú u, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n fọwọ́ ti ògiri. N kò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà!"

Kì í ṣe èmi nìkan. Gbogbo ìlà Tíṣà ló pariwo "Ẹ pẹ̀lẹ́ o!" lẹ́ẹ̀kan náà. Báwo ni àgbàlagbà ṣe máa wúkọ́ bẹ́ẹ̀ téèyàn á panu mọ́? Ohùn díẹ̀ ló wá láti ẹ̀yìn Alhaji fúnra wọn. Ikọ́ náà dá wáí. Alhaji ò wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́ wa.

Tíṣà ló wọlé. Alhaji gba ilé lọ. Èmi náà sáré délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ wa sínú báàgì.

Ìrọ̀lẹ́ ni Alhaji kan ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀.

"Adébímpé, ohùn rẹ ni mo kọ́kọ́ gbọ́."

"Ẹ forí jì mí, sà. Ọmọ mi ni mo rò."

"Mo gbọ́ ti Tóyìn. Mo gbọ́ ti Bàbá Ọlálékan. Gbogbo ilé." Wọ́n wo báàgì mi. "Láti ìlà Tíṣà náà, ẹnì kan tún ní, 'Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Sìkírà.' Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ láyé yìí."

A jọ ń gbọ́ Ìyá Sìkírátù tí wọ́n ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé. Alhaji fa àpótí, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ikọ́ tún gbé wọn díẹ̀. N kò mọ̀ bóyá kí n kí wọn tàbí kí n dákẹ́.

"Tí mo bá lé gbogbo yín," ni wọ́n wí, "ta ló máa kí mi ní pẹ̀lẹ́?"