Awọ Tó Lẹ̀ Mọ́ Egungun

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tíṣà Dinsdale ti wá bẹ Isaac Tallentire pé kó jẹ́ kí Hester, ọmọ ọmọ rẹ̀, lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú Carlisle. Bàbá olówò màlúù náà kọ̀ jálẹ̀. Lọ́jọ́ tí Tíṣà wá lẹ́ẹ̀kẹrin, inú bí i.

"Bàbá, hidebound lẹ jẹ́!"

Ohun tó ní lọ́kàn ni pé olórí kunkun ni, tí kì í gba ohun tuntun. Ṣùgbọ́n àìsàn màlúù ni Isaac mọ̀ ọ́n sí. "Hide" ni awọ ẹran. "Bound" ni ohun tí wọ́n dì pinpin.

"Màlúù ta ló ń ṣe?"

"Màlúù kẹ̀? Ẹ̀yin ni mò ń bá wí!"

"Èmi? Máa bọ̀."

Ó mú un lọ sílé ẹran, síwájú abo màlúù rírù kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ó ní kó fa awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tíṣà fà á títí, awọ ò gbéra. Ó lẹ̀ mọ́ egungun pẹ́kípẹ́kí.

"Ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀ nìyí. Ẹ̀yin alákọ̀wé lẹ mú un lọ bú èèyàn. Ṣé agídí ló ṣe é?"

"Kí ló wá ṣe é?"

"Ebi ni. Mò ń po èérí ọkà gbígbóná fún un, mo sì ń fọwọ́ ra á lára láràárọ̀. Awọ ọ̀hún á tú."

Tíṣà yíjú sí Isaac. "Bàbá, ebi kí ló ń pa ẹ̀yin?"

Isaac kọjú sógiri. Ó jẹ́wọ́ pé òun ò mọ̀wé kà. Hester ló ń ka lẹ́tà Joseph, àbíkẹ́yìn ọmọ Isaac tó ṣí lọ sí Kánádà, sí i létí. Bí Hester bá lọ, a jẹ́ pé òun ò ní gbúròó Joseph mọ́.

"Torí ìyẹn lẹ ṣe ń lé mi bí ajá? Ẹ wá sílé ìwé ní Sátidé, màá kọ́ yín. Kẹ́ ẹ sì fọ bàtà yín o!"

Ojú ti Isaac ní Sátidé àkọ́kọ́. Àga ọmọdé ló jókòó lé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Síbẹ̀ ó padà lọ, ó tún lọ.

Ní oṣù kẹsàn-án, Hester wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Carlisle. Nígbà tí lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́ dé, akólẹ́tà fẹ́ bá bàbá kà á.

"Mú un wá," ni Isaac wí.

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdajì òwúrọ̀ ló fi ka ìlà mẹ́rin: yàrá òun ní fèrèsé, oúnjẹ wọn ò dùn, àárò bàbá ń sọ òun. Ó nu ojú, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.