Wọ́n Ń Sùn

Omi ìrẹsì ti hó dànù sórí sítóòfù, Lin ò sì mọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣìnì ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Chorlton-on-Medlock, nílùú òyìnbó, ó di fóònù mú.

Bilikis pa iná, ó gbé mọ́ọ̀pù ti ògiri. Láti aago márùn-ún àárọ̀ ló ti ń nu ilẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro ó, kò sì fẹ́ gbọ́ wàhálà ẹnikẹ́ni.

"Kí ló dé?"

"Àǹtí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mi ò rí ojú bàbá mi." Ní ìlú tiwọn náà, àǹtí ni wọ́n ń pe obìnrin tó bá jù wọ́n lọ. "Màmá mi kì í ṣí kámẹ́rà mọ́. Tí mo bá bèèrè bàbá, wọ́n á ní wọ́n ń sùn, tàbí wọ́n lọ ra ẹ̀fọ́."

"Aago mélòó ló lù lọ́dọ̀ wọn ní Chengdu báyìí?"

"Márùn-ún ìrọ̀lẹ́."

Bilikis mọ̀ nípa bàbá náà: ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe fóònù ló wà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí mẹ́sàn-án alẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Òun àtìyàwó rẹ̀ nìkan ló wà ní àjà kẹrìnlélógún, wọn ò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ní ẹnu ọ̀nà kejì. Lin nìkan ni wọ́n bí. Ìjọba ò gbà kí wọ́n bí ìkejì nígbà yẹn. Ọjọ́ Ajé ni ìdánwò àṣekágbá rẹ̀.

"Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń sùn lóòótọ́, àbí?"

Ó yẹ kí Bilikis ní bẹ́ẹ̀ ni, kó máa báṣẹ́ lọ. Irú irọ́ yìí ò ṣàjèjì sí wa. Wọ́n á sin òkú tán nílé, wọ́n á ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, ẹni tó wà lókè òkun á ṣì máa ra aṣọ pamọ́ fún un. Wọ́n ní kí ọkàn rẹ̀ má baà dàrú ni.

"Pè wọ́n padà. Sọ fún màmá ẹ pé tí wọn ò bá yí kámẹ́rà síbi tí bàbá wà, o ò ní wọ yàrá ìdánwò."

"Àǹtí, ìyẹn burú."

"Ó burú. Pè wọ́n."

Bilikis ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tí ìyá náà ń bẹ̀bẹ̀, ó sì mọ ìgbà tó gbà. Kámẹ́rà yí. Bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, rọ́bà nímú, bàbá tó ti rù kan eegun. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Lin ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Kí Bilikis tó nu sítóòfù tán, Lin ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú.

"Ìdánwò ńkọ́?"

"Màá ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ ṣé, Àǹtí."

"Lọ di ẹrù ẹ."

Bilikis wọ yàrá kékeré tí wọ́n ń kó mọ́ọ̀pù sí, ó jókòó lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó pe Jubril àbúrò rẹ̀ ní Ìlọrin.

"Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o!" Jubril ń sáré sọ̀rọ̀.

"Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà o. Wọ́n ń sùn ni."

Màmá wọn kì í sùn lójúmọmọ. Oṣù méjì rèé tí wọ́n ti ń sùn.

Àmì kámẹ́rà orí fóònù wà níwájú àtàǹpàkò Bilikis. Ó ti pé ọdún kan tó ti ń retí ìwé ìgbélùú lọ́dọ̀ ìjọba ibí. Tó bá kúrò nílùú kí wọ́n tó fún un, kò ní lè wọlé mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà nílé ìwé ní Whalley Range. Lin lè lọ.

"Má jí wọn," ó ní. "Tí wọ́n bá jí, sọ pé mo kí wọn."

Ohùn Jubril rọ̀.

"Màá sọ fún wọn, Àǹtí mi."

Ó gbé mọ́ọ̀pù, ó gòkè lọ sí àjà kejì.