Ibi Tó Ti Họ

Láàárọ̀ Iléyá, Nàfísátù kúnlẹ̀, ó gbé kámẹ́rà àtijọ́ lé Khàlíl, bàbá rẹ̀, lọ́wọ́. Àṣé ó ti yọ́ gbé e lọ fún àwọn tó ń kun mọ́tò ní Abossey Okai. Wọ́n ti kùn ún ní pupa fòò.

"Ẹ̀bùn yín rèé, Bàbá. Mo ní kí wọ́n dí gbogbo ibi tó ti họ."

Khàlíl yí i wò. Àtàǹpàkò bàbá tirẹ̀, tó fi kámẹ́rà yìí jẹun títí ó fi kú, ló họ ọ̀dà ibẹ̀ dé irin. Ibẹ̀ ni Khàlíl máa ń fọwọ́ kàn bí àárò rẹ̀ bá sọ ọ́.

Ọmọ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń retí àdúrà.

Khàlíl ṣàdúrà fún un, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ń wá ibẹ̀ kiri.