Aṣọ Ilé-Ìwé Ṣùkúrátù

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé bọ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́wọ́ mi.

“Bọ́ aṣọ yẹn,” ni Májẹ́kódùnmí, ọ̀gá ilé-ìwé, wí fún Ṣùkúrátù, ọmọ ọdún mẹ́fà. “Ọmọ-ọmọ mi fẹ́ fi gbàlejò.”

Àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n fẹ́ wo bí àwọn ọmọ Ìta-Ògbólú ṣe ń fi tábúlẹ́ẹ̀tì kọ́ ìṣirò. Ọmọ á fi ìka wọ́ ọsàn sínú agbọ̀n lójú gíláàsì, ohùn obìnrin kan á máa bá a kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Bó bá ṣì í, ohùn náà kì í bú u. Á ní kó tún un kà. Àmọ́ odidi ọdún kan ni ọ̀gá fi ti àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ọmọ tálákà má baà fọ́ wọn. Omi ń bẹ nínú àmù, òùngbẹ ń gbẹ ará ilé. Ìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí àlejò dé ló tó yọ ẹyọ kan fún Tíṣà Monílọ́lá, tó ń kọ́ kíláàsì Ṣùkúrátù.

Àgbà ní ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ṣùkúrátù, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Òdo nítorí òdo tó máa ń gbà nínú ìṣirò, kò jẹ́ kí ẹ̀rọ náà sinmi. Ó kà á dé ogún. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀, tó ń ta ata lọ́jà, pé òun ni yóò kà fún àlejò.

“Ọ̀gá, ọmọ yìí mọ̀ ọ́n,” ni Tíṣà bẹ̀bẹ̀.

“Òdo ló mọ̀ ọ́n? Ẹ fi mí sílẹ̀, Tíṣà. Ti ọmọ-ọmọ mi dá mi lójú. Ilé-ìwé olówó ló ń lọ ní Àkúrẹ́.”

Báyìí ni Goodness, ọmọ-ọmọ ọ̀gá, ṣe wọ aṣọ náà jókòó. Ṣùkúrátù dúró lẹ́yìn fèrèsé, aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ nìkan ló kù sí i lára. Goodness kà á dé ẹẹ́rìnlá, ó há. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ.

“Ẹ̀ẹ́dógún,” ni ohùn kékeré kan wí láti ìta.

Àlejò kan yíjú. “Ọmọ ta nìyẹn?”

“Ọmọ aláta kan ni, sà,” ni ọ̀gá dáhùn. “Kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé wa.”

Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Tábúlẹ́ẹ̀tì padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Lọ́jọ́ kejì, àyè Ṣùkúrátù ṣófo. “Àǹtí, mo nà án títí,” ni ìyá rẹ̀ wí fún Tíṣà. “Ó ní ọ̀gá ti sọ pé òun kì í ṣe ọmọ ibẹ̀.”

Tíṣà kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ ní Àkúrẹ́ nípa ọ̀rọ̀ náà. Èsì tó rí ni pé wọ́n gbé Tíṣà fúnra rẹ̀ lọ kọ́ni ní Oǹdó. Ibẹ̀ ló ti fi ìtàn yìí lé mi lọ́wọ́. Ó ní lọ́jọ́ tí òun lọ dágbére fún wọn lọ́jà, Ṣùkúrátù ń to ata sórí àtẹ ní mẹ́rin-mẹ́rin, òun sì bi í pé kí ló tẹ̀lé ẹ̀rin.

“Àǹtí,” ni ọmọ náà wí, kò gbójú sókè, “àwọn tó ń ra ata kì í bèèrè ìyẹn.”