Ìbéèrè Tí Lorna Gbé Mì

Ní yunifásítì wọn ní Columbus, bí ìdánwò oyè ọ̀mọ̀wé bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rẹ́ ẹni ló ń da ìbéèrè boni, kì í ṣe ọ̀tá. Àwọn ọ̀rẹ́ á jókòó bí adájọ́, ìwọ á dúró níwájú pátákó funfun pẹ̀lú máákà kan ṣoṣo, kò síwèé, kò sí kọ̀ǹpútà. Wọ́n á máa bi ọ́ títí orí rẹ á fi gbóná. Bí o bá sunkún, wọ́n á ra dónọ́ọ̀tì fún ọ. Lorna Kuiper sunkún tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó jẹ dónọ́ọ̀tì, ó sì yege.

Wendell Tripp tí wọ́n jọ wà ní láàbù ló kàn báyìí. Ó ti fìdí rẹmi nígbà àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ń gbà fúnni, lẹ́yìn náà wọ́n á já ìwé-ẹ̀rí kékeré lé ọ lọ́wọ́, ó dìgbóṣe. Ìyá rẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì ọmọléèwé ní abúlé orí òkè, ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun máa di dókítà.

Lọ́jọ́bọ̀ ni Lorna àti Boyd, ọmọ láàbù kejì, jókòó tì í. Boyd ò mojú ẹnikẹ́ni.

"Ṣé ohun tí o máa sọ fún wọn nìyẹn? Ìyá mi àgbà mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ!"

Ojú Wendell ti pọ́n. Ó wá dé orí àwọn eku tó fẹ́ fi dán oògùn tuntun kan wò. Oògùn rẹ̀ kì í yòrò nínú omi, nítorí náà ọtí ló fi ń yọ́ ọ fún wọn. Àwọn eku tó fẹ́ fi wé wọn, omi lásán ló kọ sínú ìwé ètò ìwádìí rẹ̀ fún wọn.

Lorna rí i lójú ẹsẹ̀. Bí eku bá yá, ṣé oògùn ló wò ó ni àbí ọtí? Kó fún àwọn eku tó kù lọ́tí lásán dípò omi, ó parí. Ìwé náà ti wà lọ́wọ́ àwọn olùdánwò lóòótọ́, àmọ́ bí Wendell bá fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ àṣìṣe náà tó sì tún un ṣe lójú wọn, yínyìn ni wọ́n máa yìn ín. Lorna lanu. Ó wo ojú pípọ́n yẹn, ó sì pa ẹnu dé.

"Ó ti dáa, Wendell. Lọ sinmi."

Àánú! Irú àánú wo nìyẹn? Ó ní òun á sọ fún un lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì, kòkòrò wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí òun náà ń tọ́, ó sì fi gbogbo ọjọ́ dà wọ́n nù. Ó wá ní bóyá àwọn olùdánwò ò tiẹ̀ ní wo ibẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tí ìdánwò náà wáyé, ó ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí Wendell jáde. Kò sídìí láti béèrè bó ṣe lọ.

"Ohun tí wọ́n bi mí ò le rárá," Wendell ní. "Dókítà Hargrove ní, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ọtí ló wo àwọn eku náà sàn. Mo kàn dúró bí òpó." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣùgbọ́n o ṣeun o, fún Ọjọ́bọ̀. Boyd fẹ́ pa mí. Ìwọ nìkan lo fojú àánú wò mí."

Ẹni a fẹ́ la mọ̀, a ò mọ ẹni tó fẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà gún Lorna láyà.

"Mo rí i, Wendell."

"O rí kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ ọtí yẹn. Mo rí i lọ́jọ́bọ̀. Àánú rẹ ló ṣe mí, mi ò lè sọ ọ́."

"Ṣé o rò pé mi ò ní lè gbà á ni?"

Ohun tí Lorna rò gan-an nìyẹn.

Fóònù Wendell dún. Ìyá rẹ̀ ni. Ó gbé e níbi tó dúró sí.

"Rárá, mà. Mi ò yege... Ẹ má sunkún, Mọ́mì. Ìbéèrè kan ni." Ó ń wo Lorna bó ti ń sọ̀rọ̀. "Rárá, mà. Gbogbo wa la jọ wò ó. Kò sẹ́ni tó rí i."