Ẹni tó Wà Lẹ́yìn Ọ̀kadà Ọláìtán

Ẹnu Ọláìtán gbóná débi pé bó bá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, ẹ lè dín àkàrà lórí ahọ́n rẹ̀. Iná sólà ló ń tà káàkiri Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó. Ọ̀gá rẹ̀, Deborah, ti kọ́ ọ títí ọ̀fun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

"Ọláìtán, bí o bá dé ọ̀dọ̀ oníbàárà tuntun, kọ́kọ́ kí i. Bó bá ní kí o jókòó, kí o jókòó. Wádìí ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé, kí o sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ọjà ni kó kẹ́yìn."

Ọláìtán á ní, "Ó ti yé mi, mà." Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ẹnu ọ̀nà èèyàn, ọjà ló máa ń kọ́kọ́ bẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ewúrẹ́ tó já okùn.

Bó ṣe ṣe é ní Ùsì lọ́dún tó kọjá nìyẹn. Ó bá màmá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹlúyẹmí, kò tilẹ̀ kí i tán tó fi ní iná òun á tàn fún ogún ọdún, pé bí Jésù bá dé, á bá a níbi tó ti ń tàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iná náà lò. Alẹ́ ọjọ́ tí iná náà kú, màmá ń táràrà lọ sẹ́yìnkùlé nínú òkùnkùn, ó ṣubú, kò dìde mọ́.

Láti ọjọ́ tí Ọláìtán ti gbọ́ ni ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀ ti wúwo bí ẹni gbé òkúta ọlọ mẹ́fà. Àràárọ̀ ni táyà ẹ̀yìn ń rọ̀. Ẹni tó ń lẹ táyà ní Ìkọ̀lé ti rì í bọ omi ní ìgbà ẹgbàá, kò rí ihò tí èèrà lè gbà.

"Ẹ̀gbọ́n," ọkùnrin náà bi í, "ta lẹ máa ń gbé kiri?"

Ọláìtán rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Deborah ti sọ ọ́ lójú ẹ̀ pé bí kò bá rí oníbàárà tuntun kan, ó kéré tán, kó gbé kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà sórí tábìlì òun kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó kan ilẹ̀kùn ní Òkè-Àkọ títí egungun ìka rẹ̀ fi fẹ́ máa dún. Kò sẹ́ni tó rà. Ó wá ku ilé kan lópin ìlú.

Màmá kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Inúmidùn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Níwájú ilé, pèpéle kan wà tí wọ́n lẹ táìsì mọ́, wọ́n sì sá ẹ̀gúsí sí i láti orí dé ẹsẹ̀. Ọláìtán fi ọwọ́ gbá ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jókòó pẹ̀sẹ̀, ó to iná sólà rẹ̀ síbẹ̀.

"Màmá, táìsì yín yìí dán débi pé eṣinṣin á yọ̀ ṣubú lórí ẹ̀. Iná tí mo gbé wá rè é. Bàbá ńkọ́? Mo fẹ́ bá ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Màmá kò gbójú sókè. "Àyà bàbá lo jókòó lé yẹn."

Ọláìtán wo abẹ́ ẹ̀gúsí. Ó rí ohun tí wọ́n kọ sára táìsì: *Bánkọ́lé, bàbá ìjọ, ó sùn nínú Olúwa.* Ó fò sókè; ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀ka máńgòrò tó dá a padà, ìlú Ọ̀mùò ni ì bá balẹ̀ sí.

"Má sá," màmá wí. "Ọdún kẹrin rè é tó ti wà ńbẹ̀. Òun náà ló ṣì ń sọ ohun tá a máa rà ní ulé yìí. Kí i, kí o sọ tẹnu rẹ."

Ọláìtán rántí tábìlì Deborah. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

"Ẹ káàsán, sà."

Atẹ́gùn ọyẹ́ tó ti ń fẹ́ láti àárọ̀ dákẹ́ lójijì. Ó fọwọ́ kan táìsì náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí àyà ẹni tó ń sùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, ọjà kò bẹ́ jáde lẹ́nu Ọláìtán. Ó kàn ń gbọ́.

Màmá dẹtí sílẹ̀ díẹ̀. "Ó ní báwo ni uná rẹ ṣe ń pẹ́ tó."

Ogún ọdún ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ibi tó ti fẹ́ lanu, ìjókòó ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀ dún kíì, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá tún ìdí jókòó. Ó bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

"Ọdún méjì, sà," ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti kéré. "Bí òjò kò bá pa á. Bátìrì rẹ̀ lè kú kó tó dìgbà náà. Bó bá kú, ẹ pè mí, màá wá. Mo ti parọ́ fún màmá kan rí ní Ùsì."

"A mọ̀," Ìyá Inúmidùn wí, ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. "Látìgbà tó o ti dé ni bàbá ti ń bi mí pé kí ló dé tó ò ní kí màmá tó o gbé wá sọ̀ kalẹ̀ kó mu omi."

Gbogbo irun ara Ọláìtán dìde bí ìgbẹ́ ẹ̀gún.

Màmá wọlé, ó mú owó jáde, ó ní méjì lòun máa rà. Ó gbé ọ̀kan sórí táìsì, níbi orí. Ó ti èkejì padà sí Ọláìtán.

"Èyí di Ùsì. Gbé e sórí ibojì màmá náà. Kọ́kọ́ kí i o, kó o tó gbé nǹkan sílẹ̀."

Ọláìtán kọ orúkọ oníbàárà sínú ìwé Deborah: Bánkọ́lé. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà ti di tirẹ̀ padà. Ó dé ìdí ọ̀kadà, ó dúró, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìjókòó ẹ̀yìn tó ṣófo.

"Ẹ kú ìjókòó, mà. Ẹ má bínú. Ùsì là ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dì mí mú dáadáa."

Ó gun ọ̀kadà. Kò tíì fẹsẹ̀ ta á tí ọwọ́ méjì, tó tutù bí omi àmù, fi rọra yí i ní ìbàdí ká.