Tóyìn Kọ Ọmú

Inú ẹni kì í dùn ká pa á mọ́ra. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí Ọmọ́wùmí máa lọ sílé láti ilé ìwòsàn ní Oǹdó, gbogbo èrò inú bọ̀lẹ̀kájà tó ń lọ sí Ọ̀rẹ̀ ló gbọ́ pé ó bímọ kan tó ń jẹ́ Olútóyìn, pé ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń bá a tọ́jú rẹ̀ ní Odígbò, àti pé ọmọ náà máa mu ọmú kí ilẹ̀ tó ṣú. Báńdéèjì wà láyà rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí kòtò, ìrora á gun ọmú ọ̀tún, á di eyín pọ̀, á sì tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Tóyìn níbi tó ti dá a dúró. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, kó bọ́ sílẹ̀ kó máa fẹsẹ̀ rìn.

Oówo ló yọ ọ́ lọ́mú lẹ́yìn tó bímọ. Ọmú ọ̀tún wú, ó le, ó gbóná. Ilé àdúrà gbààwẹ̀ sí i títí wòlíì fúnra rẹ̀ fi ní, "Ọlọ́run náà ló ni dókítà, ẹ gbé e lọ." Dókítà fi ọ̀bẹ sí i, ọyún tú jáde. Ó wá kìlọ̀ fún un pé kí ọmọ máa mu ọmú ọ̀tún náà o, torí bí kò bá mu ún, omi rẹ̀ á gbẹ. Ọmú òsì kò sì lómi láti ìgbà tó ti bímọ. Ọ̀tún yìí nìkan ni oúnjẹ Tóyìn.

Àìná, ìyá ọkọ rẹ̀, ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ àdúrà funfun. Ayọ̀ ò jẹ́ kó ráyè kí i tán.

"Ìyá Tóyìn, jókòó. Ọ̀bẹ ti kan ibẹ̀ yẹn, ó yẹ ká yà á sí mímọ́ kí ọmọ tó fẹnu kàn án."

Ó da lọ́fíńdà sínú omi àdúrà, ó ka Sáàmù sí i, ó sì fi nu ọmú náà yípo, ó yẹra fún ojú egbò. Gbogbo ilé ń ta sánsán. Ọmọ́wùmí gbé ọmọ mọ́ àyà. Tóyìn gbé imú sí i, ó yí orí kúrò, ó figbe ta.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ọmọ́wùmí kò lè fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kò lè so ìró mọ́ àyà, bùbá lásán ń ha á lára. Ó ń fọwọ́ fún wàrà náà kó má baà gbẹ, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ohun tó ń jáde kò sì ju ká fi tọ́ ọmọ lẹ́nu wò lọ. Ògì ò gbé Tóyìn ró, ọrùn rẹ̀ ń tín-ín-rín sí i. Àwọn ará ilé ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọ̀bẹ ti lé ọmọ nídìí ọmú. Àìná kò gbà, ó ní àdúrà ni kò tíì tó. Lọ́fíńdà tó wà níwọ̀nba tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí wọ́n ń dà bí ẹni fẹ́ fi wẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ọmọ́wùmí fúnra rẹ̀ kò fura; òórùn ọjọ́ ìsinmi tó mọ̀ láti kékeré ni.

Ilẹ̀ ọjọ́ òmìnira mọ́. Àwọn ará abúlé Ajue àti Omifunfun ti ya wọ ìlú, àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọrin, wọ́n ń ju àsíá kéékèèké. Ọmọ́wùmí ní òun ò ní jókòó sílé. Ọmọ tó bá máa kọ ọmú, kó lọ kọ ọ́ lábẹ́ àsíá.

Àsíá ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè ni òjò dé. Gbogbo èèyàn sá. Ọmọ́wùmí kò lè sáré, torí gbogbo ìgbésẹ̀ ló ń fa egbò náà, nítorí náà kí ó tó dé abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan tí wọ́n ń kó kòkó sí, òjò ti fọ̀ ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀. Ó jókòó, ó ṣí bùbá kó lè fún omi ara rẹ̀. Tóyìn tó ti ń ké dákẹ́. Ó gbé imú sí àyà ìyá rẹ̀, ó wá a kiri, ó la ẹnu, ó sì gbá ọmú ọ̀tún mú.

Ìrora náà ta dé èjìká. Ọmọ́wùmí ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín, torí ó mọ̀ ọ́n lára pé wàrà ti ń sọ̀. "Ó ń mu ún," ló ń sọ fún ẹni tó bá ti kọjá. "Ẹ wò ó, ó ń mu ún."

Àìná dé, aṣọ funfun ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹsẹ̀ lásán nínú ẹrẹ̀. Ó rí wọn, ó fò sókè, ó fa ìgò lọ́fíńdà yọ láti dúpẹ́. Bó ṣe ṣí i báyìí, Tóyìn tu ọmú dà nù, ó fajú ro, ó bẹ̀rẹ̀ igbe. Àìná dé ìgò náà, ó gbé e jìnnà. Ọmọ padà sídìí ọmú.

Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn.

"Àbí èmi ni, Ìyá Tóyìn?"

"Lọ́fíńdà ni, Màmá. Kì í ṣe ẹ̀yin."

Àìná kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú ọmọ náà.

"Tóyìn, má bínú sí mi. Èmi ni mo dí ọ lọ́nà oúnjẹ."

Ọmọ́wùmí fẹ́ dìde kó gbé e sókè, torí a kì í rí i kí ìyá ọkọ kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó ilé. Ṣùgbọ́n Tóyìn ti di ọmú mú ṣinṣin, ó ń fà á, ó ń gbé wàrà mì, Ọmọ́wùmí ò sì jẹ́ mira.